Ìbáwí Ní Ààlà: Ohun Tí Òfin Ń Wí fún Bàbá àti Ìyá



Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa òbí. Bí aládùúgbò bá gbọ́ igbe ọmọ, tí ó sì wá bẹ̀ wá pé kí a fi í sílẹ̀, pé ó tó gẹ́ẹ́, èsì wa ni pé: "Èmi ni mo bí i. Ta ni yóò mú mi sí i?" Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́: ẹ̀yin lẹ bí i. Ìdajì kejì kì í ṣe òtítọ́. Òfin ilẹ̀ wa mọ̀ pé òbí ni yín, ó sì bọ̀wọ̀ fún ipò náà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ti fa ìlà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá ìlà náà, ọlọ́pàá lè mú un, adájọ́ sì lè sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, ìbáà ṣe òun ló bí ọmọ náà.

Àwọn kan láàárín wa gbà pé òfin kò dá sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹni. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ìjọba ti ṣòfin pé òbí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì ló ṣì í gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ohun tí ó wà nínú ìwé òfin gan-an, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí òun dúró sí kí ọ̀ràn tó dé.

ÌLÀ MÁRÙN-ÚN

Ní gúúsù Nàìjíríà, ìwé òfin tí a ń pè ní Criminal Code ni ó sọ̀rọ̀ lórí èyí, ní abala 295. Ó ní bàbá, ìyá tàbí alágbàtọ́ lè fi ọwọ́ líle bá ọmọ wí láti tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ó fún ọ̀gá ní irú àyè yìí lórí ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì fún olùkọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró síbẹ̀, wọn kò kà á parí. Ìlà márùn-ún ni abala náà fà.

Ìlà kìíní ni ọgbẹ́. Ìbáwí kò gbọdọ̀ dé ibi tí yóò ti dá ọgbẹ́ sí ọmọ lára, tàbí tí yóò ti ṣe é ní ìpalára ńlá. Bí awọ ara bá ti là, bí egungun bá ti kán, bí ojú tàbí etí bá ti bàjẹ́, kì í ṣe ìbáwí mọ́ lójú òfin.

Ìlà kejì ni ìdí. Ìwà àìtọ́ tàbí àìgbọràn sí àṣẹ tí ó bófin mu nìkan ni òfin gbà gẹ́gẹ́ bí ìdí. Ọmọ tí ó gbé igbá ọjà kiri tí ọjà rẹ̀ kò tà, kí ni ó ṣe? Ọmọ tí ó tọ̀ sórí ẹní lójú oorun, àṣẹ ta ni ó rú? Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ mú bínú, tí ó wá ń bọ́ ìbínú náà sára ọmọ, kò lè sọ ní kóòtù pé òun ń kọ́ ọmọ ni.

Ìlà kẹta ni ìwọ̀n. Òfin ní ìbáwí tí kò bá mọ níwọ̀n, yálà nínú irú rẹ̀ tàbí nínú bí ó ṣe pọ̀ tó, kò ní àwíjàre. Adájọ́ yóò wo ọjọ́ orí ọmọ, yóò wo ìlera ara rẹ̀ àti ti ọpọlọ rẹ̀. Ohun tí ọmọ ọdún 14 tí ara rẹ̀ le lè gbà, ó lè ba ti ọmọ ọdún 5 jẹ́, tàbí ti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS.

Ìlà kẹrin ni òye. Òfin sọ ọ́ gbangba pé bí ọmọ bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mọ ìdí tí a fi ń nà án, tàbí tí ohun mìíràn kò jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n, kò sí ìbáwí kankan tí ó tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa: kò sọ pé kí a nà án díẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ń ké lóru, àti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹgba kankan kò tọ́ sí wọn.

Ìlà karùn-ún ni ọjọ́ orí. Ọmọ tí kò ì tíì pé ọdún 16 ni abala yìí ń sọ nípa rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi bẹ́líìtì na ọmọ ọdún 17 kò lè sá sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé kò sí ibì kankan tí òfin ti pàṣẹ pé kí a na ọmọ. Àyè ni ó yọ̀ǹda. Bí ẹjọ́ bá dé, àwíjàre ni àyè náà jẹ́ lẹ́nu òbí. Bí àwíjàre náà bá sì wó, ẹjọ́ tí a ń rò kù sí ẹjọ́ ẹni tí ó lu ènìyàn. Nínú Criminal Code yìí kan náà, ìpalára ńlá lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Dídá ọgbẹ́ síni lára, ọdún 3. Bí ọmọ bá kú, kódà bí òbí kò bá ní i lọ́kàn láti pa á, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kwara àti Kogi, Penal Code ni ó kàn yín. Òun náà fi àyè gba òbí, ṣùgbọ́n kò gba ìpalára ńlá, kò sì gba ohun tí kò mọ níwọ̀n. Ẹ̀yin ará Èkó, ìpínlẹ̀ yín ti ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ láti 2011, ó sì ti ní òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé láti 2007.

ÒFIN Ẹ̀TỌ́ ỌMỌDÉ

Ní 2003 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ó di dandan kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di tirẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Nínú òfin yìí, ọmọdé ni ẹni tí kò ì tíì pé ọdún 18. Abala 11 sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iyì, a kò sì gbọdọ̀ ṣe é ní ìpalára ti ara, ti ọkàn tàbí ti èrò. A kò gbọdọ̀ dá a lóró, a kò gbọdọ̀ fi ìyà tí ó tàbùkù ènìyàn jẹ ẹ́. Bí ọmọ bá ń jìyà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tọ́ ọ, kóòtù ní agbára láti gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òfin yìí fẹ́ sọ ọmọ di ọ̀gá òbí. Kí wọn lọ ka abala 19. Ibẹ̀ ni òfin ti sọ pé ojúṣe ọmọ ni láti bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀ àti àwọn àgbà, kí ó sì ṣiṣẹ́ fún ìṣọ̀kan ẹbí.

Ẹni tí ó bá fi òfin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé àyè tí ó kù fún ẹgba tóóró gan-an ni. Ọ̀kan gba ìbáwí tí ó mọ níwọ̀n. Èkejì kọ ìpalára, kódà èyí tí kò hàn lára. Ta ni nínú wa, nígbà tí inú rẹ̀ ń ru, tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò dúró sí àyè tóóró bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ilé wa. Ní 2014, àjọ tí ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà, pẹ̀lú UNICEF àti àjọ ìlera CDC ti Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n rí i pé nínú ọmọ 2, ọ̀kan ni a ti hu ìwà ipá sí lára kí ó tó pé ọdún 18.

"ÒBÍ RẸ̀ LÓ NÍ KÍ N NÀ Á"

Òfin gbà kí òbí fa agbára ìbáwí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí olùkọ́ tàbí ẹbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fa ohun tí kò ní lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ẹ tilẹ̀ sọ fún tíṣà pé "ẹ nà án dáadáa, ẹ ṣẹ́ ojú rẹ̀ kù fún mi", ìlà márùn-ún náà ṣì dúró.

Ẹjọ́ àtijọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí gbòǹgbò òfin wa ti wá. Ní 1860, ní Eastbourne, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Thomas Hopley na akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Reginald Cancellor, ọmọ ọdún 15, títí ó fi kú. Bàbá ọmọ náà ti kọ lẹ́tà pé òun yọ̀ǹda kí ó nà án. Lẹ́tà náà kò gba Hopley. Adájọ́ ní ìbáwí gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, kí ó sì bá ọgbọ́n mu, bí ó bá sì ti ìbínú wá, tàbí tí ó pọ̀ jù, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 4 pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n dá fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ ọmọlẹ́yìn sílé. Ìyá rẹ̀ tí ó fà á lé yín lọ́wọ́ ní abúlé kò fún yín ní agbára láti fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o tàbí láti fi ata sí i lójú. Agbára bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ó sì kan àwa nínú ìjọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2000, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan tí ń jẹ́ Victoria Climbié kú ní London. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni ó ti wá. Mọ̀lẹ́bí àgbà rẹ̀ kan ni ó mú un lọ sí Yúróòpù pé òun yóò tọ́jú rẹ̀. Dókítà ka ojú ìpalára 128 sí ara rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí náà àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére ní 2001. Ìwádìí tí Lord Laming darí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2003, fi hàn pé ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí ọmọ yìí, wọn kò sì gbà á sílẹ̀. Wọ́n mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Ẹ̀mí àìmọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀ pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ tí a ń lù dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn Ọlọ́run, wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí, wọ́n dá a padà sílé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín wa.

BÍ Ẹ BÁ KỌJÁ ẸNUBODÈ

Àyè tóóró tí òfin Nàìjíríà fi sílẹ̀ kì í bá ènìyàn rìnrìn àjò. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ìmẹ̀kọ tí ó dé Kétu, Yorùbá ṣì ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n òfin ti yí padà: láti 2015 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de nína ọmọ, títí kan èyí tí òbí ń ṣe nínú ilé. Togo ti ṣe é ṣáájú ní 2007. Ní Scotland, ó di èèwọ̀ ní oṣù kọkànlá 2020. Ní Wales, ní oṣù kẹta 2022. Ní England, àyè díẹ̀ kù fún òbí, ṣùgbọ́n láti 2005, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2004, òbí tí ó bá na ọmọ tí ara rẹ̀ fi wú tàbí tí ó dàpá kò lè sọ ní kóòtù pé ìbáwí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń lọ ṣe ọ̀wọ̀ ọmọ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín ní London, ẹ má ṣe gbé pàṣán yín lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ sọ fún tíṣà rẹ̀ lè mú òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí ẹnu ọ̀nà.

ṢÉ ỌLỌ́RUN KÒ NÍ KÍ A LO Ọ̀PÁ NI?

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò ṣí Bíbélì sí Òwe 13:24. Ó wà níbẹ̀, a kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka gbogbo ìmọ̀ràn Ọlọ́run pọ̀. Kódà fún àgbàlagbà tí adájọ́ ti dá lẹ́bi, Ọlọ́run fi iye sí ẹgba, kí arákùnrin náà má bàa di ẹni ẹ̀gàn (Deuteronomi 25:3). Bí ọ̀daràn bá ní ààlà, ọmọ ńkọ́? Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn bàbá lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọn má ṣe mú ọmọ bínú, kí ọkàn wọn má bàa rẹ̀wẹ̀sì (Efesu 6:4; Kolose 3:21). Ọ̀pá olùṣọ́-àgùntàn nínú Orin Dáfídì 23 ń tu àgùntàn nínú ni, kò fọ́ egungun rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò dárúkọ Élì. Àwọn ọmọ Élì ti dàgbà, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àlùfáà. Ẹ̀sùn tí Ọlọ́run fi kàn án ni pé ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kò sì dá wọn dúró (1 Samuẹli 3:13). Ó ṣeé ṣe kí bàbá na ọmọ lójoojúmọ́ kí ó má sì dá a dúró ní ọ̀nà búburú rí. Àwọn baba wa náà mọ èyí, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni ó pọ̀ jù nínú wa tí kò ṣiṣẹ́.

KÍ NI KÍ A ṢE?

A kò sọ pé kí ẹ sọ ọmọ nù sí ìta. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlà tí òfin fà kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí Kristẹni máa rìn dé. Ẹni tí ń rìn létí kànga kò gbọdọ̀ sọ pé ẹsẹ̀ ló yọ̀ òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kó kòbókò, wáyà, bẹ́líìtì àti orógùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìbáwí. Ẹ má ṣe gbá ọmọ létí, ẹ má ṣe lù ú lórí. Ìgbátí kan lè fọ́ ìlù etí. Bí inú bá ń bí yín, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ mu omi, kí ẹ tó padà wá. Ẹ gba ohun tí ọmọ fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹ jókòó, ẹ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi lè sọ ohun tí ó ṣe àti ìdí tí kò fi dára. Èyí gba àkókò ju ẹgba lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń wọ inú ọkàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ Sunday School, ẹ̀yin ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ fi ọgbẹ́ hàn. Bí ẹ bá rí àpá, ẹ má ṣe bi ọmọ ní ìṣojú òbí rẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ pé kí ó lọ tọrọ àforíjì. Ẹ fi tó olórí ìjọ létí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti alàgbà, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ń fẹ́ ilé ìwòsàn. Ẹ mú ọmọ lọ. Bí ìpalára bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì wẹ́lífíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ní Èkó, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń rí sí ìwà ipá nínú ilé wà fún èyí. Ẹ má ṣe sọ pé "ọ̀rọ̀ ilé ni, ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀ níbí". Ibi tí a ti ń parí rẹ̀ níbí ni a ti ń sin ọmọ.

A mọ̀ pé ìpọ́njú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tí ó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin, tí onílé ń lé, tí kò sí owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè yá sí ẹgba. Bí ọlọ́pàá bá sì mú un, ta ni yóò bọ́ àwọn tó kù? Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ dúró títí ọgbẹ́ yóò fi jáde. Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ẹ gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan kí ó lè sinmi. Ẹ bá a wá owó ilé. Ìjọ tí ó bá ran òbí lọ́wọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó le jù, ọmọ àti òbí ni ó gbà sílẹ̀.

Bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ kà á sókè nínú ilé, kí àwọn ọmọ pẹ̀lú gbọ́. Kí wọn mọ̀ pé ìbáwí wà, ó sì ní ààlà. Kí wọn sì mọ ẹni tí wọ́n lè sọ fún bí ẹnikẹ́ni bá kọjá rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti tọ́ àwọn tí ó fi ṣe ogún fún wa. Àmín.